Àpò Tí Mo Ní Kí Wọ́n Tú

Búrẹ́dì mẹ́rin ló jáde nínú àpò ọmọbìnrin náà, pẹ̀lú bọ́tà wẹ́wẹ́ mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n máa ń fi bébà dídán wé. Kò sí ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà níbẹ̀.

Àwa méje la wà ní yàrá oúnjẹ àárọ̀, gbogbo wa la sì ń wo búrẹ́dì yẹn lórí tábìlì. Pogácsa ni, àwọn búrẹ́dì róbótó oníyọ̀ tó ṣẹ́ kù láti àná, tí wọn ì bá kó fún ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti fi aṣọ ìnuwọ́ wé wọn dáadáa, ó sì ti ta á ní kókó.

"Ọmọ mi ló fẹ́ràn rẹ̀, mà," ni ó wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni àfi tèmi, nítorí èmi ni mo ní kó tú àpò náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Kelemen Etelka ni orúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ mi ló ní kí n lọ sinmi fún ọjọ́ mélòó kan ní òtẹ́ẹ̀lì Kállossy ní abúlé Halomfalva. Ilé ńlá ìdílé Kállossy ni tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ogun, tí wọ́n sọ ọ́ di ilé àwọn ọmọ tí kò ní òbí. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ yẹn lọ, ẹyẹlé ló ń gbé inú rẹ̀ títí Gáspár Kornél fi rà á, tó sì tún un ṣe. Ohun tí Kornél fi ń yangàn jù lọ nínú ilé náà ni ààrò ńlá tó wà ní yàrá oúnjẹ àárọ̀. Ó ga dé àjà, táìlì aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bò ó látòkè délẹ̀, igi ni wọ́n sì ń dá sínú rẹ̀ títí dòní láti fi mú yàrá móoru.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin mi níbẹ̀, mo bá Kornél lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò náà. Ẹnì kan ti yọ táìlì kan kúrò lẹ́yìn rẹ̀, níhà ògiri. Ó ti fọ́ sí méjì, Kornél sì kó o sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé òkú ẹyẹ. Kò pẹ́ tí Ìyáàfin Fenyvesi, àlejò bíi tèmi, sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, tó ní òun kò rí ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà òun láti alẹ́ àná.

"Àǹtí Etelka," ni Kornél wí fún mi, "ẹ bá wa wò ó ná kí n tó pe ọlọ́pàá. Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí."

Inú mi dùn. Òótọ́ ni kí n sọ ọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo ti wà nílé tí ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ohunkóhun ju ibi tí mo gbé ṣúgà sí lọ.

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan ní àárọ̀ kan, mo sì ní ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Mo pe Bogdán Tímea, ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe, mo sì bi í ní ìbéèrè lójú gbogbo àwọn tó ń jẹun.

"Ta ló kọ́kọ́ wọ yàrá yìí lónìí?"

"Èmi ni, mà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mo ṣílẹ̀kùn. Mo jáde lọ kó igi wá, mo dáná. Ìgbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti ẹ̀yìn ni mo rí i pé táìlì ti ṣí, mo sì lọ pe ọ̀gá."

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Méjì. Ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀kan lọ́wọ́ mi."

"Eérú dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ."

"Èmi ni mo máa ń kó eérú ààrò, mà. Ojoojúmọ́ ni."

"Ojoojúmọ́ ló máa ń dé ìgbọ̀nwọ́?"

Ó wo apá rẹ̀.

"Ìwọ náà lo sì ń tún yàrá Ìyáàfin Fenyvesi ṣe."

"Gbogbo yàrá ni mo ń tún ṣe, mà."

Ó ti lọ fúnra rẹ̀ pe ọ̀gá rẹ̀. Ó yẹ kí èyí dá mi dúró. Ṣùgbọ́n mo ti rí olè tó kọ́kọ́ pariwo olè rí, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo ń gbọ́n. Ìgbà náà ni mo ní kó gbé àpò rẹ̀ wá kó tú u.

Bogdán ni orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ̀yà Róma ni wọ́n, ẹ̀yà tí wọ́n máa ń fojú olè wò nílẹ̀ wa. Mi ò sọ ọ́ lẹ́nu, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ nínú yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó tú àpò rẹ̀, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ká ní Ìyáàfin Fenyvesi ni mo sọ fún pé kó tú tirẹ̀ ni, wọn ì bá ní orí mi ti dàrú.

"Máa lọ ilé ná, Tímea," ni Kornél wí. "Màá pè ọ́."

Ó gbé àpò rẹ̀. Kò kó búrẹ́dì náà. Ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí à bá fi búrẹ́dì yẹn ṣe. Ìyáàfin Fenyvesi ń po kọfí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Sipos Ottó, ẹnjiníà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì láti Budapest, ń bó ẹyin. Ó bó o títí kò fi ku èèpo kankan lára rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ láìjẹ.

*

Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, Ìyáàfin Fenyvesi wá bá mi ní yàrá ìwé. Ó na apá sí mi. Ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà náà ń dán lára rẹ̀.

"Ẹ wò ó, inú ìbọ̀wọ́ mi ló wà. Ìgbà tí mo bọ́ ìbọ̀wọ́ lálẹ́ àná ló bá a bọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ̀ ọ́ báyìí kí n jáde ni mo kàn án."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ. Kò rántí bi mí nípa ọmọbìnrin náà.

Mo jókòó. Ojú mi gbóná títí dé etí. Mo ń rí kókó tó ta sí aṣọ ìnuwọ́ yẹn, mo sì ń rí ìka mi tó ń tú u, nítorí nígbà tí Tímea kò tètè tú u, èmi fúnra mi ni mo bá a tú u.

Mo lọ bá Kornél ní ibi tó ti ń gba àlejò.

"Wọ́n ti rí ẹ̀gbà ọwọ́. Pe Tímea báyìí."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Màá pè é. Ẹ jẹ́ kí n dá àwọn wọ̀nyí lóhùn ná." Ẹrù àwọn àlejò tuntun kún ilẹ̀.

Fóònù wà lórí tábìlì rẹ̀. Mo lè gbé e. Mo lè ní kó fún mi ní nọ́ńbà. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀gá rẹ̀ ni, òun ló yẹ kó pè é, mo sì yíjú kúrò. Ó rọrùn fún mi bẹ́ẹ̀.

Mo padà sídìí ààrò. Bí kì í bá ṣe olè ẹ̀gbà ọwọ́ ló yọ táìlì, ta ni? Mo ti àwọn àga sẹ́yìn, mo sì dọ̀bálẹ̀ sórí igi ilẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, nítorí ihò náà wà nísàlẹ̀ gan-an, ní ìlà kẹta táìlì láti ilẹ̀. Kornél rí mi, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Àǹtí, ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Fi ẹ̀yìn mi sílẹ̀. Ìwọ kọ́ lo yọ ọ́?"

"Èmi bí i ti báwo?"

"O sọ fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé nígbà ogun, àwọn ọlọ́lá máa ń kó ohun ẹ̀ṣọ́ wọn pamọ́ sínú ààrò. Bóyá o fẹ́ wò ó fúnra rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọdún méjìlá ni mo ti ni ilé yìí. Tí mo bá fẹ́ wò ó ni, ǹ bá ti tú gbogbo rẹ̀ ká nígbà tí mo ń tún un ṣe. Táìlì kan ṣoṣo lẹ rò pé màá yọ?"

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Táìlì kan ṣoṣo. Mo tan iná sí gbogbo àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí àmì ọ̀bẹ lára ìkankan nínú wọn. Ẹni tó ń wá ìṣúra á gbìyànjú níbí, á gbìyànjú lọ́hùn-ún. Ẹni yìí kò wá ohunkóhun kiri. Ó mọ ibẹ̀.

Mo na ọwọ́ wọ inú ihò náà. Amọ̀ gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, àmì ohun róbótó kan tó tó bísíkíìtì sì wà lójú amọ̀ yẹn. Òwú irun àgùntàn aláwọ̀ eérú díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fà á jáde, mo gbé e sí ojú fèrèsé. Ìdí ìbọ̀sẹ̀ ni, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gba àtàǹpàkò mi méjì.

"Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé," ni mo wí. "Kì í ṣe ọlọ́lá kankan ló fi nǹkan pamọ́ síbí. Àgbàlagbà wo ló máa dọ̀bálẹ̀ bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ yìí? Ọmọdé ni. Kí ni wọ́n ń fi yàrá yìí ṣe nígbà àwọn ọmọ aláìlóbìí?"

"Ibi tí àwọn ọmọkùnrin ń sùn sí ni. Ogún bẹ́ẹ̀dì. A bá àmì wọn lára ògiri."

Bí mo ṣe ń dìde ni mo rí ẹnu ọ̀nà láti ìsàlẹ̀. Igi ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò jọ èyí tó kù. Ó funfun jù, ó sì tẹ́ jù.

"Kí ló wà ní ẹnu ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀?"

"Àtẹ̀gùn kan. Ó ga díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọsẹ̀ lára rẹ̀ ṣáá, la bá wó o, a tẹ́ ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin náà kò mọ̀ pé ó wà rí, àbí?"

Mi ò mọ̀. Kò sí àlejò tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń wo ọkùnrin kan tó máa ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè díẹ̀ tó bá dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Mo ti rò pé orúnkún ló ń dà á láàmú.

*

Mo bá Sipos Ottó lábẹ́ igi wọ́nọ́ọ̀tì lẹ́yìn ilé, níbi tí àga onírin wà. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó sì jókòó láìṣe ohunkóhun. Mo jókòó tì í.

"Orúnkún yín ń dùn yín ni?"

"Rárá o. Ọlọ́run ṣeun."

"Kí ló dé tí ẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ yín sókè lẹ́nu ọ̀nà yàrá oúnjẹ?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀..."

"Ó ti pé ọdún méjìlá tí wọ́n ti wó o. Ẹ sì sọ fún Kornél pé ẹ̀yin kò dé ìhà ibí rí."

"Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń kọsẹ̀ lára rẹ̀," ni ó wí. "Ọkàn ti gbàgbé. Ẹsẹ̀ ni kò gbàgbé."

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì mú ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú kan jáde, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé tí ìdí rẹ̀ ti ya. Aago kan wà nínú rẹ̀, irú aago fàdákà tí àwọn ọkùnrin máa ń fi sínú àpò ẹ̀wù láyé àtijọ́. Ó ti dúdú.

"Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn jáde lọ kó igi ni mo wọlé," ni ó wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Táìlì yẹn já bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Aago ta ni?"

"Ti ọ̀gá ilé ọmọ aláìlóbìí ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mo máa ń gbọ́ ìró aago náà nígbà tí ọ̀gá bá dúró tì wá. Mo ní tí mo bá gbé e sétí lórí bẹ́ẹ̀dì, oorun á gbé mi lọ. Alẹ́ kan péré ni mo fẹ́ fi yá a. Mi ò fẹ́ jí i."

"Ṣé oorun gbé yín lọ?"

Ó yà á lẹ́nu pé mo bi í bẹ́ẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tíì sùn bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà náà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó rí àyè dá a padà, wọ́n ti to gbogbo ọmọ sí ìlà. Ó sáré fi aago náà sínú ìbọ̀sẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn táìlì kan tó ń mì. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan tó máa ń gbá ọ́fíìsì ọ̀gá, Dudás Rozália, ọmọ ọdún méjìlá. Akólòlò ni.

"Wọ́n ní kó sọ pé òun kọ́," ni Ottó wí. "Ó ń gbìyànjú. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Kí ọ̀rọ̀ kan tó jáde, ọ̀gá ti yíjú sí wa, ó ní, 'Ẹ wò ó, kò rí nǹkan sọ.' Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn ọmọ tó burú, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè. Àbúrò rẹ̀ kékeré kù sọ́dọ̀ wa. Lajos. Ọmọ ọdún márùn-ún. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí tèmi."

"Ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo ní tó bá dọ̀la. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀rùn, òṣìṣẹ́ kan wá fi amọ̀ lẹ gbogbo táìlì tó ń mì. Mo dúró tì í, mò ń wò ó. Inú mi dùn, ẹ gbọ́. Inú mi dùn pé kò sí bí mo ṣe lè dá a padà mọ́."

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ló gbọ́ pé Rozália wà láàyè ní Szekszárd, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa. Kò fẹ́ lọ bá a lọ́wọ́ òfìfo. Ó ní tí òun bá gbé aago náà sí i lọ́wọ́, bóyá òun kò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Láàárọ̀ yìí," ni mo wí, "nígbà tí mò ń tú àpò ọmọ yẹn, ẹ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

"Aago yìí wà nínú àpò yín."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ ń bó ẹyin."

Ó tẹrí ba. "Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀gbà ọwọ́ lẹ ń wá, pé kò kàn mí. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní èmi ni mo yọ táìlì, ẹ ó fi í sílẹ̀. Mo la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Mo ti di àgbà, mo ti bí ọmọ, mo ti kọ́ afárá mọ́kànlá, ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn náà ni mo ṣì jẹ́."

Mo ti múra ọ̀rọ̀ líle tí mo fẹ́ sọ sí i. Ó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ìtàn yẹn, mo wá ibi tí èmi wà nínú rẹ̀, mo sì rí i. Èmi kọ́ ni ọmọ tó dákẹ́. Èmi ni ọ̀gá tó yíjú sí àwọn tó kù, tó ní, ẹ wò ó, kò rí nǹkan sọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ líle náà mì. Mo ní, "Ní àárọ̀ ọ̀la, màá fi ọkọ̀ mi gbé yín lọ sí Szekszárd."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ sọ ti táìlì fún Kornél fúnra rẹ̀. Kornél ní kò pọn dandan kí ọlọ́pàá gbọ́.

*

Àjà kẹta ni Dudás Rozália ń gbé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ funfun, ó so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn. Ó ṣílẹ̀kùn fún wa nítorí ó rí i pé a ti dàgbà, ó ní àwọn arúgbó kì í dìgunjalè. Ottó sọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ orúkọ ilé náà. Kò tíì jókòó tó fi gbé aago lé orí tábìlì, láàárín òwú àti abẹ́rẹ́ ìránṣọ.

"Èmi ni," ni ó wí. "Èmi ni mo mú un. Kì í ṣe ìwọ. Mo wà ní ìlà, mo ń wò ọ́."

Rozália gbé gíláàsì sójú. Ó mú aago náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ó k-kéré," ni ó wí. "Mo rò pé ó tóbi jù báyìí lọ."

Ó gbé aago náà padà sórí tábìlì.

"Ṣé o mọ̀ pé ó tó àsìkò kan tí mo gbà pé èmi ni mo jí i?" Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ti kọ́ láti máa fara balẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà há. "Ní ibi tí wọ́n gbé mi lọ, wọ́n ní tí mo bá j-jẹ́wọ́, màá lè kọ lẹ́tà sí Lajos. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, níbo lo gbé e sí? Mo ní mo jù ú sínú kànga. Mo sọ ọ́ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Mo rí bó ṣe ń bọ́ sínú omi. Ó pé ọgbọ̀n ọdún kó tó dá mi lójú pé mi ò ju nǹkan kan sínú kànga rí."

"Ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹ kọ lẹ́tà?" Èmi ni mo bi í.

"Rárá. Wọ́n ní olè ni mí, mo ti f-fẹnu ara mi sọ ọ́."

Wọ́n ti fi Lajos fún ìdílé kan kó tó pé ọmọ ọdún méje. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà tí Rozália rí i. Mà ló ń pè é, bí ẹni tó ń bá àjèjì sọ̀rọ̀.

Ottó ní kó forí ji òun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ sì ya níkejì.

"Mi ò tíì mọ̀," ni Rozália wí. "Fi í sílẹ̀ fún mi, kí o sì máa lọ. Kọ ibi tí ò ń gbé sórí bébà yìí. Tí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ sọ, màá kọ ọ́. Mo máa ń kọ̀wé dáadáa."

Lórí àtẹ̀gùn ni ojú mi là. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń gbọ́, pé ó rí bó ṣe ń bọ́ sínú omi. Mo mú fóònù, mo pe Kornél.

"Kí ni Tímea sọ?"

"Yé, Àǹtí. Mi ò tíì pè é. Àlejò wọ̀nyí kò jẹ́ kí n rójú. Lónìí ni màá pè é."

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọjọ́ kan tí ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn ti padà sí ọwọ́ ẹni tó ni ín.

*

Ìsàlẹ̀ abúlé, lẹ́yìn ilé ìjọsìn, ni ilé Tímea wà. Ottó tẹ̀ lé mi dé ẹnu gééètì, ó sì dúró síbẹ̀. Tímea ló jáde. Ó ti pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ̀ kó tó wò mí.

"Ẹ ti rí i ni, mà? Àbí ẹ wá tú ilé?"

"Wọ́n ti rí i. Inú ìbọ̀wọ́ obìnrin yẹn ló wà."

"Nígbà wo?"

Mo fẹ́ kí n lè dá a lóhùn mìíràn. "Ọ̀sán àná."

Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀sán àná, mo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo ti tú àpò yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tú aṣọ iṣẹ́ mi, mo gbọn gbogbo rẹ̀. Mo ní bóyá ó kọ́ mi láṣọ nígbà tí mò ń tún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣe, kí n má lọ di olè láìmọ̀."

Ottó sọ̀rọ̀ láti ẹnu gééètì. Ó ní òun ni òun yọ táìlì, pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tú àpò rẹ̀, òun sì dákẹ́. Tímea gbọ́ ọ dé òpin, ó sì tún yíjú sí mi.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ni mo wí. "Ìwọ ló lọ pe ọ̀gá rẹ, mo mọ̀, mo sì fi ṣe ẹ̀sùn sí ọ lọ́rùn. Mo rí eérú ní apá rẹ..."

"Mo na ọwọ́ wọ ihò yẹn láti mọ ibi tí èéfín ti ń jáde, kí ilé má baà jó. Ẹ ò bi mí. Ẹ bi mí bóyá ojoojúmọ́ ló máa ń dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ ò bi mí kí ló gbé e débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Òótọ́ ni. Ìbéèrè méjèèjì jọra wọn létí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni èèyàn ń bi nígbà tó bá fẹ́ mọ̀, èkejì ni mo bi.

"Mi ò bi ọ́," ni mo wí. "Jọ̀wọ́, má bínú. Kornél á fẹ́ kí o padà."

"Kornél ní nọ́ńbà mi."

Mo ti yíjú láti máa lọ nígbà tó pè mí.

"Mà. Ẹ wọlé. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá ọkọ mi wà nínú ilé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Austria, èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé. Wọn kì í ṣe ẹ̀yà wa. Ó gba ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé yìí. Nígbà tí mo délé láàárọ̀ àná tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé àpamọ́wọ́ wọn kúrò lórí tábìlì."

Mo wọlé. Ìyá arúgbó náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń bó ọ̀dùnkún sínú abọ́. Mo sọ orúkọ mi fún un, mo sọ iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi. Mo ní èmi ni mo pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní olè lójú èèyàn méje, pé irọ́ ni, pé kò mú ohunkóhun. Mo ní búrẹ́dì àná ló wà nínú àpò Tímea, ó ń mú un bọ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ìyá arúgbó náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀, ó sì dìde. Ó wọ yàrá. A gbọ́ nígbà tó ń gbé ìrọ̀rí kúrò. Ó jáde pẹ̀lú àpamọ́wọ́ dúdú kan, ó gbé e sí àárín tábìlì, ó sì padà sídìí ọ̀dùnkún rẹ̀.

Tímea ti kọjú sí fèrèsé. Ó pẹ́ kó tó yíjú padà, kò sì sí ẹni tó pè é.